"Ọtí kì í pa Ọ̀gá": báwo la ṣe ń dá bárakú ọtí mọ̀ lára ẹni tí iṣẹ́ àti ilé rẹ̀ ṣì dúró, kí la sì ń ṣe sí i?

Nọ́ọ̀sìIléeṣẹ́

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká jọ tú palẹ̀. Bí wọ́n bá ti pe ènìyàn ní ọ̀mùtí nílẹ̀ wa, ẹni tó ń ta gbọ̀n-ọ́ngbọ̀n-ọ́n lójú títì ló máa ń wá síni lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín àwọn ọ̀gá báńkì, agbẹjọ́rò, kọngílá, dókítà, àní láàárín àwọn aṣáájú ìjọ pàápàá, tí ọtí ti di bárakú fún tí ẹnikẹ́ni ò fura. Owó ilé-ìwé ọmọ ń lọ déédéé. Wọn kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Wọ́n á mu ìgò mẹ́fà lóde ìnáwó, ohùn wọn ò ní yí, wọ́n á sì wa ọkọ̀ ara wọn délé. Àwọn èèyàn á máa yìn wọ́n pé "ọtí kì í pa Ọ̀gá."

Lójú tèmi, ìyìn yẹn gan-an ni àmì àìsàn tó yẹ ká kọ́kọ́ kọ sínú fáìlì. Ara tí ọtí ò tíì mọ́ lára ò lè gba ìgò mẹ́fà kó má hàn. Bí kò bá hàn, ó ti ń gbà á tipẹ́, ọpọlọ ti tún ara rẹ̀ tò nítorí rẹ̀ ni. Ìbéèrè mi rèé: kí la máa bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ tá a fi máa gbọ́ òótọ́? Àyẹ̀wò wo ló wúlò? Tó bá sì ní "láti Mọ́ńdè, mi ò mu ún mọ́", kí ló yẹ ká ṣe?

DókítàỌpọlọ_Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ ká ti orí ìṣirò bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. "Ìgò méjì péré" kì í ṣe ìwọ̀n. Ẹ mú iye sẹ́ńtílítà tó wà nínú ìgò, ẹ fi iye ìdá ọgọ́rùn-ún tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá pín in sí 100. Ohun tó bá jáde ni yúnìtì, bí wọ́n ṣe ń kà á ní Britain. Yúnìtì 1 jẹ́ gíráàmù 8 ojúlówó ọtí. Bíà sẹ́ńtílítà 60 tó jẹ́ 5% jẹ́ yúnìtì 3. Sítáótù 60 tó jẹ́ 7.5% jẹ́ 4.5. Ìgò wisikí 75 tó jẹ́ 40% jẹ́ 30. Láti 2016, ìmọ̀ràn ìjọba Britain ni pé kí tọkùnrin tobìnrin má kọjá 14 lọ́sẹ̀. Ọ̀gá tó ń mu ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò wisikí lálaalẹ́ "kí oorun lè wá" ti mu 10 lálẹ́ kan, ìyẹn 70 lọ́sẹ̀, láìjẹ́ pé ó mutí yó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ tún wo àárọ̀ ọjọ́ kejì. Nǹkan bíi yúnìtì 1 ni ara ń mú kúrò ní wákàtí kan. Kọfí, ìwẹ̀ omi tútù, ẹ̀bà gbígbóná, kò sí èyí tó ń mú un yára. Ẹni tó mu 10, tó gbé gíláàsì kalẹ̀ ní agogo 12 òru, ọtí ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí di nǹkan bí agogo 10 àárọ̀. Ìpàdé agogo 8 tó darí, pẹ̀lú ọtí lára ló darí ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 15 ló mu, ó di nǹkan bí agogo 3 ọ̀sán kó tó tán, bó sì ṣe ń tán lọ ni ọwọ́ ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí ọ̀gá kan tí ara rẹ̀ kì í lélẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí kì í gbà kí ìpàdé kọjá agogo 5, tí kì í fẹ́ fọwọ́ síwèé lójú ènìyàn.

ỌmọOníṣòwò

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Dókítà. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ń lọ, tí kò lu ìyàwó, tí kò jẹ gbèsè, àìsàn wo la fẹ́ wò níbẹ̀? Ṣé gbogbo ẹni tó ń gbádùn ara rẹ̀ ló ti di aláìsàn ni?

DókítàỌpọlọ_Ìbàdàn

@ỌmọOníṣòwò, ìbéèrè gidi lẹ béèrè, ó sì dára kẹ́ ẹ gbọ́ èsì rẹ̀ yékéyéké. Ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń dá àrùn mọ̀, ICD-11, wo ohun mẹ́ta: kí ènìyàn má lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́ nídìí ọtí, kí ọtí máa gba iwájú ohun mìíràn, kí ara ti mọ́ ọn débi pé ó ń fẹ́ púpọ̀ sí i, tàbí pé ó ń gbọ̀n tí kò bá rí i. Bí méjì bá ti wà nínú mẹ́ta, bárakú ni. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti bọ́.

Ní 2007, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ ọtí (NIAAA) pín àwọn tí ọtí ti di bárakú fún sí ọ̀wọ́ márùn-ún. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló bọ́ sí ọ̀wọ́ àwọn tó kàwé, tí wọ́n níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, tí wọ́n sì ní ìdílé. Nínú ọ̀wọ́ yìí, àwọn tó ti wá ìrànlọ́wọ́ rí ò tó ẹnì kan nínú márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ò béèrè ipò lọ́wọ́ ènìyàn, ẹ̀dọ̀ náà ò béèrè.

Ẹ wo àwọn méjì tó dá Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ ọtí, sílẹ̀ ní Akron, ìpínlẹ̀ Ohio, ní 1935. Bill Wilson ti ṣòwò ìpín ilé-iṣẹ́ ní Wall Street, oníṣẹ́ abẹ ni Dókítà Bob Smith. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù Okúdù ọdún náà, Dókítà Bob ní iṣẹ́ abẹ láti ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ìgò bíà kan ni Bill fún un kí ọwọ́ náà lè dúró. Bíà yẹn ló mu kẹ́yìn láyé rẹ̀. Lójú aláìsàn tó sùn sórí tábìlì lọ́jọ́ yẹn, iṣẹ́ dókítà yẹn ń lọ dáadáa.

Olùgbaninímọ̀ràn_Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ìbéèrè. Ẹ má ṣe bi í pé "ṣé ẹ máa ń mutí?" Èsì tí ẹ máa gbà ni "lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan." Ẹ mú ọjọ́ kan pàtó: "Ọ̀gá, lánàá, agogo mélòó lẹ kọ́kọ́ mu nǹkan? Kí ni? Ìgò tó tóbi báwo? Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́?" Ẹ tò ó lọ báyìí títí ilẹ̀ fi ṣú, kí ẹ tún ṣe ti ìjẹta. Ẹ fi ohùn tí ẹ fi ń béèrè oúnjẹ béèrè rẹ̀, kí ojú yín má sì yí nígbà tó bá dáhùn. Bó bá ń lọ́ra, ẹ fi iye tó pọ̀ ju èyí tí ẹ lérò lọ̀ ọ́: "Ṣé ó máa ń tó ìgò wisikí kan lọ́jọ́?" Ó rọrùn fún ènìyàn láti ní "rárá o, ìdajì ni" ju kó fẹnu ara rẹ̀ dá ìdajì lọ.

Lẹ́yìn náà ni AUDIT, ìbéèrè 10 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 40. Bí ó bá pé 8, ọtí náà ti ń léwu. Bí ó bá pé 20, ó ṣeé ṣe kó ti di bárakú. Àwọn ọ̀gá máa ń gba òdo nínú ìbéèrè karùn-ún, èyí tó ní ṣé ọtí ti mú kí o kùnà nínú ohun tó yẹ kí o ṣe, máàkì náà á sì wálẹ̀. Èmi máa ń tẹ̀ mọ́ ìkẹrin (ṣé o kì í lè dúró tí o bá ti bẹ̀rẹ̀), ìkẹfà (ṣé o nílò ọtí láàárọ̀) àti ìkẹjọ (ṣé o gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ àná). Ẹni tó sọ̀rọ̀ geere lóde àríyá, tí kò wá rántí pé òun sọ ọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá.

Nílẹ̀ wa, ẹ gbọ́dọ̀ fi èyí kún un: "Agbo wo lẹ ń lò, kí ni wọ́n fi rẹ ẹ́?" Ọ̀pọ̀ ni kì í ka agbo jẹ̀díjẹ̀dí, paraga àti bíttà mọ́ ọtí. Oògùn ni wọ́n kà á sí. Ẹni tó ń bu ife kékeré mẹ́ta lójúmọ́ "nítorí ẹ̀yìn ríro" lè búra pé òun kì í mutí, kó sì dá ara rẹ̀ lójú.

Nọ́ọ̀sìIléeṣẹ́

Èyí wúlò gan-an ni. Mo fẹ́ fi kún un pé ẹni tó kọ́kọ́ máa ń mọ̀ ni awakọ̀, akọ̀wé ọ̀gá ló sì tẹ̀ lé e. Àwọn ló mọ̀ pé ife onídèérí tó ń gbé kiri kì í ṣe tíì ló wà nínú rẹ̀, pé ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti ń rà á kí ẹnikẹ́ni má baà mọ iye rẹ̀, pé ó ti mu kí wọ́n tó jáde lọ sóde ìnáwó. Àmì mìíràn ni "ibà" tí kì í tán: orí fífọ́, òógùn, èébì, ara ríro láàárọ̀ Mọ́ńdè, tí wọ́n á fún un ní oògùn ibà, tí ara á sì yá ní alẹ́ Mọ́ńdè lẹ́yìn tó mutí.

Láàbù_Ẹ̀jẹ̀

Ní ti àyẹ̀wò: kò sí ẹyọ kan tó dá ẹjọ́ yìí, ẹ máa wò wọ́n pọ̀ ni. GGT, èròjà kan láti inú ẹ̀dọ̀ tí à ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀, máa ń ròkè nígbà tí ọtí bá ń yọ ẹ̀dọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n sísanra àti àwọn oògùn kan náà ń gbé e sókè. AST àti ALT náà jẹ́ èròjà tó ń jáde láti inú ẹ̀dọ̀: tí AST bá ju ìlọ́po méjì ALT lọ, ẹ fura sí ọtí. MCV, ìyẹn bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe tóbi tó, wúlò torí pé sẹ́ẹ̀lì náà ń gbé tó oṣù mẹ́rin, nítorí náà ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ kan jáwọ́ kó tó wá ṣàyẹ̀wò ò lè fi pa mọ́. PEth ló mú jù: ọtí nìkan ló ń mú un wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń fi ohun tí ènìyàn mu láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin hàn. EtG, àjẹkù ọtí tó ń bá ìtọ̀ jáde, ń fi ti ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún hàn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn mẹ́ta ò ká, ẹ bi í nípa ọtí kí ẹ tó kọ ìkẹrin.

Ajíhìnrere_OríÒkè

Ẹ̀yin onímọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lóye. Wọ́n máa ń mú irú àwọn ẹni ńlá yìí wá sórí òkè àdúrà ní bòókẹ́lẹ́. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, láìjẹ láìmu, la fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ẹlòmíràn á máa gbọ̀n, á ní kòkòrò ń rìn lára ògiri, á máa bá ẹni tí a ò rí sọ̀rọ̀. Ogun ìdílé la máa ń kà á sí.

DókítàỌpọlọ_Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀ tí ẹ béèrè, Ajíhìnrere. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sínú ààwẹ̀ yẹn mọ́.

Ọtí máa ń tẹ ọpọlọ rì. Bó bá ti ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ọpọlọ á máa ta kò ó kó lè dúró, bí ẹni tó fi èjìká ti ilẹ̀kùn nítorí pé ẹnì kan ń tì í láti òdìkejì. Tí ti òdìkejì bá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ lójijì, ẹni tó ń ti tinú á ré lulẹ̀ ni. Ohun tí ẹ ń rí lórí òkè nìyẹn. Láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn ife ìkẹyìn ni ọwọ́ ń gbọ̀n, òógùn ń bò ó, àyà ń lù kìkì, èébì ń wá, oorun ń sá. Láàárín wákàtí 6 sí 48 ni wárápá lè gbé e, kódà bí kò ní wárápá rí. Láti wákàtí 48 sí 96 ni èyí tó burú jù: á máa rí ohun tí kò sí, kò ní mọ ibi tó wà, ara á gbóná, ẹ̀jẹ̀ á ru. Ìyẹn máa ń pa ènìyàn. Ìtọ́jú ilé ìwòsàn ti mú ikú rẹ̀ wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 5 nínú 100, ṣùgbọ́n lórí ẹní láìmu omi, kò sí ohun tó ń dáàbò bò ó.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń mu ún ní ìkọ̀kọ̀, tó wá jáwọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ Ramadan. Ó sì ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù nítorí ẹsẹ̀ tó kán: ní ọjọ́ kejì, á máa sọ ìsọkúsọ, wọ́n á ní ibà ti wọ ọpọlọ. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ọtí torí ó wọ kóòtù wọlé.

Nítorí náà, Nọ́ọ̀sì, ìdáhùn sí "láti Mọ́ńdè" ni pé: kó má já a lójijì. Kó má fi kún un, kó dúró sí iye tó ń mu títí dókítà á fi rí i, kí ìyẹn sì jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ti ní wárápá tàbí ìdàrúdàpọ̀ ọkàn nígbà tó jáwọ́ rí, ẹni tó ń mu ju yúnìtì 30 lọ lójúmọ́, aboyún, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń bàjẹ́, ẹni tó ń dá gbé, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n ti jáwọ́. Àwọn yòókù lè ṣe é nílé, bí ẹnì kan bá wà lọ́dọ̀ wọn, tí nọ́ọ̀sì sì ń wò wọ́n lójoojúmọ́.

Oògùn tó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀ la ń lò: chlordiazepoxide tàbí diazepam, lorazepam bí ẹ̀dọ̀ ò bá dáa. Àpẹẹrẹ kan tó wọ́pọ̀ fún ẹni tí tirẹ̀ ò le jù ni chlordiazepoxide mílígíráàmù 20 lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí a ó máa dín kù títí á fi tán láàárín ọjọ́ 5 sí 7. A fi ìwọ̀n CIWA-Ar, tó ní ohun 10 tí à ń wò, ń mọ̀ bóyá oògùn náà tó tàbí kò tó. Kì í ṣe oògùn tí ènìyàn ń dá rà ní kẹ́míìsì: bí ó bá pàdé ọtí nínú ara, èémí lè dúró.

Ohun kan tí mi ò fẹ́ kí nọ́ọ̀sì kankan gbàgbé: fítámì B1 kí dírípù adùn tó wọlé. Ọtí ti gbẹ B1 lára wọn, adùn á sì lo ìwọ̀nba tó kù. Tí ọkàn bá dàrú, tí ẹyinjú ò yí dáadáa tàbí tó ń jó, tí ìrìn ò gún, abẹ́rẹ́ B1 ní kíákíá ni. Ìfun ọ̀mùtí kì í gba tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dáadáa. Bó bá pẹ́, ìrántí tó lọ lè má padà mọ́.

Ẹ lè máa gba àdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, Ajíhìnrere. A ò ní lé yín.

Ajíhìnrere_OríÒkè

Ó yé mi. A ó máa béèrè ọtí lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó gòkè, a ó sì máa kó wọn lọ sí ọsibítù. Ẹ ṣé.

ÀǹtíÒǹtajà

Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹ̀fun kan wà tí wọ́n ń tà lórí fóònù, wọ́n ní kí ìyàwó bù ú sínú ọbẹ̀ ọkọ tí kò ní mọ̀, ọtí á sì máa rí i lára. Ṣé ó dáa?

Apòògùn_Àgbà

Kò dáa rárá, Àǹtí. Tí ó bá jẹ́ disulfiram, oògùn tó ń mú kí ara kọ ọtí, ló wà nínú rẹ̀, bí ọkọ bá mutí lé e, ojú á pọ́n, orí á fọ́, á máa bì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀ gìrìrì, ọkàn lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ti lò ó ò lè ṣọ́ra. Ẹni tó mọ̀, tó fọwọ́ sí i, tí dókítà ti yẹ ọkàn àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò nìkan ló ń lò ó. Kó ti tó wákàtí 24 ó kéré tán lẹ́yìn ọtí ìkẹyìn kó tó bẹ̀rẹ̀, bó bá sì dáwọ́ oògùn dúró, ewu náà ṣì lè wà títí ọ̀sẹ̀ méjì. Agbo tí wọ́n fi ọtí rẹ àti àwọn oògùn ikọ́ kan tó ní ọtí nínú lè dá a sílẹ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́ jù lọ nígbà tí ìyàwó bá ń fún un lójú ara rẹ̀ láràárọ̀, pẹ̀lú àdéhùn àwọn méjèèjì.

Oògùn méjì mìíràn wà tí wọn ò ní irú ìjìyà bẹ́ẹ̀. Naltrexone mílígíráàmù 50 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ń dín adùn ọtí kù: ẹni tó bá mu ife kan ò ní fẹ́ tẹ̀ lé e bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ pàdé tramadol tàbí codeine. Kí ó ti tó ọjọ́ 7 sí 10 tí ènìyàn ti lo ìyẹn kẹ́yìn, kí a sì yẹ ẹ̀dọ̀ wò. Acamprosate wà fún ẹni tó ti jáwọ́ tí kò fẹ́ padà: tábúlẹ́ẹ̀tì onímílígíráàmù 333, méjì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ó sì dín sí mẹ́rin lójúmọ́ fún ẹni tí kò tó kílò 60. Kíndìnrín la ń yẹ̀ wò fún tirẹ̀. Ohun tó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni kí wọ́n pa oògùn tì ní ọ̀sẹ̀ kẹta nítorí pé "ara ti yá." Oṣù mẹ́fà ó kéré tán ni.

Olùgbaninímọ̀ràn_Abẹ́òkúta

Àǹtí, mo mọ̀ pé àìlèsọ̀rọ̀ ló ń mú kí ènìyàn wá ìyẹ̀fun. Ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ wà. Ẹ má bá a sọ ọ́ lálẹ́ tó ti mu, ẹ má sì pe ìpàdé ẹbí lé e lórí. Ọkùnrin tí gbogbo ẹbí ń gbára lé, tí ẹ wá dójú tì níwájú àwọn àbúrò rẹ̀, á lọ mu ún níbi tí ẹ ò ti ní rí i. Àárọ̀ ni, ẹ̀yin méjì péré. Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀: "Bàbá Títí, lálẹ́ Sátidé ẹ wakọ̀ gbé àwọn ọmọ wálé, ẹ ò rántí láàárọ̀ Sọ́ńdè." Ẹ má pè é ní ọ̀mùtí. Ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo: kó bá yín lọ rí dókítà ní Tọ́sìdeè agogo 10, ẹ sì ti gba ọjọ́ náà sílẹ̀.

Ìlànà kan wà tó ń jẹ́ CRAFT, tó ń kọ́ àwọn ìyàwó àti òbí bí wọ́n ṣe ń ṣe é: kí wọ́n ṣìkẹ́ ọjọ́ tí kò bá mu, kí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ tó bá ti mu, kí wọ́n má sì bá a parọ́ fún ibi iṣẹ́ mọ́. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999 ní Amẹ́ríkà, ẹni 64 nínú 100 lára àwọn tí ẹbí wọn kọ́ ọ ló gbà láti gba ìtọ́jú. Ti àwọn tí ẹbí wọn pe ìpàdé lé lórí jẹ́ 30 nínú 100.

Ọmọ_Èkó_ní_London

Ẹ̀rù pé orúkọ á bàjẹ́, pé wọ́n á ní ó lọ sí Àrò, ló ń ti ọ̀pọ̀ mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ láti 1954 tí Lambo, dókítà ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ ní Àrò ni aláìsàn ti ń gba ìtọ́jú níbẹ̀ tó ń padà sùn sáàárín ìlú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá lọ ni wọ́n ń dá dúró. Ibi iṣẹ́ náà lè ràn án lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, ètò wà fún àwọn dókítà: ìtọ́jú, àdéhùn, àti àyẹ̀wò òjijì fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Nígbà tí wọ́n tọpa àwọn dókítà 904 nínú ètò yìí ní ìpínlẹ̀ 16, èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2009 ni pé 78 nínú 100 ni àyẹ̀wò ò bá ọtí tàbí oògùn olóró lára wọn láàárín gbogbo ọdún yẹn. Iṣẹ́ tí wọn ò fẹ́ kó bọ́ ló mú kí wọ́n dúró. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń lé ènìyàn lọ́jọ́ tó bá jẹ́wọ́ ń kọ́ àwọn yòókù láti pa á mọ́ ni.

Nọ́ọ̀sìIléeṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ìkan tó kù, Dókítà: ní Tọ́sìdeè yẹn, kí ni kó mú dání?

DókítàỌpọlọ_Ìbàdàn

Kó kọ iye tó mu ní ọjọ́ méje tó ṣáájú sílẹ̀, ìgò àti wákàtí, agbo kún un. Kó kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti oorun, ti ìrora, àní èyí tí kò fẹ́ kí ìyàwó mọ̀. Kó jẹun kó tó jáde. Kí ẹlòmíràn wakọ̀. Ẹ sọ fún un pé kó má fi agídí wá láìmu lọ́jọ́ náà nítorí ìtìjú. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n tó fi mu ìwọ̀nba kó tó wá, kó sọ ọ́ fún mi, mi ò ní bá a wí.